Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ ra àpótí irinṣẹ́ mọ́tò tí wọ́n kọ "121 pcs" sí lára

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara yín tún mọ́tò yín ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fowó ránṣẹ́. ₦65,000 ni wọ́n fi lu mí ní jìbìtì. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin, lórí pàǹtí!

Àwòrán tí wọ́n fi polówó lórí fóònù: àpótí ńlá, ratchet (ọwọ́ irin tí a ń ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti fi tú bóòtì) mẹ́ta tí ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ, sípánà láti 8 dé 19 mìlímítà, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún bámúbámú. Èyí tí ọlọ́kadà gbé dé: àpótí tó ṣeé há sábíyá. Wọ́n ní kò sí títú àfi tí owó bá wọlé. Ó yẹ kí n ti dá a padà níbẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dá mi lẹ́bi, "121 pcs" ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà, 121 náà ni mo sì kà nínú rẹ̀, ẹyọ kan ò dín. Ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà wà! 76 jẹ́ orí súkúrù-díráfà kéékèèké tí ẹ ò ní lò tán láyé. 8 jẹ́ Allen key, ọ̀pá onígun mẹ́fà tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ. 5 jẹ́ kílíìpù tí wọ́n fi ń de rọ́bà omi, wọ́n ka ìyẹn náà mọ́ irinṣẹ́! Sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ 22, àmọ́ láti orí 4 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, 14 ló sì tóbi jù. Kò sí 17. Kò sí 19. Kò sí 21. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla, 21 ni. Bóòtì tó di ìjókòó bíréèkì iwájú mú, 17 ni. Irú irinṣẹ́ mọ́tò wo ni kò lè tú táyà mọ́tò?

Ratchet kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, oní 1/4 ínǹṣì ni (ìwọ̀n orí rẹ̀ tó ń wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì). Súkúrù dáṣíbọ́ọ̀dù nìyẹn wà fún, kì í ṣe abẹ́ mọ́tò. Kì í sì í ṣe pé mi ò mọ irinṣẹ́ o! Oní 1/2 ni wọ́n fi hàn mí nínú àwòrán.

Bóòtì tí a fi ń fa ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dànù, 14 ni orí rẹ̀, kò sì yẹ kó le: 37 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtì) péré ni ìwé Toyota ní kí wọ́n fún un mọ́ lára Corolla 2005. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 14 tiwọn fẹ̀ ju orí bóòtì lọ, igun 12 ló sì ní nínú. Onígun 6 máa ń gbá ara bóòtì mú. Onígun 12 yìí, etí bóòtì nìkan ló ń fara kàn. Bí agbára ṣe dé, ó yọ̀, ó sì bó etí bóòtì náà róbótó. Eyín inú ratchet fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Cr-V", ìyẹn irin líle tí wọ́n po kóróòmù àti fanédíọ̀mù mọ́, ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Irọ́! Ojú ibi tó ti ṣẹ́ rí bí eérú, ó ní hóró bí iyọ̀: síńkì tí wọ́n yọ́, tí wọ́n wá fi kóróòmù bò. Òòfà ò gbé e. Ẹ bá mi gbọ́, òòfà ò gbé e!

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 tí mẹkáníìkì fi hámà gbá wọ̀ ọ́ ló padà tú bóòtì náà, mo tún ra bóòtì tuntun. Ẹni tó tà á ti dínà mọ́ mi lórí WhatsApp. Mi ò gba ìkankan nínú àwọn tó ń ta irinṣẹ́ gbọ́ mọ́. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà ò sàn: ojúlówó ni wọ́n ń tò sókè àpótí, yẹ̀yẹ́ ló wà nísàlẹ̀.

Ẹ rà á ní ẹyọ ẹyọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun 6: 10, 12, 14, 17, 19, 21, ti púlọ́ọ̀gì 16. Ratchet 3/8, ọ̀pá gígùn 1/2 fún táyà, nítorí 103 Nm ni nọ́ọ̀tì rẹ̀. Sípánà 8 sí 19. Ẹ mú òòfà dání. Ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó wà lórí jáàkì nìkan, ẹ gbé e lé sítáǹdì irin.

Wọ́n ti yí nọ́ńbà padà, àmọ́ àwòrán kan náà ni wọ́n ṣì ń lò: àpótí dúdú, ìdè pupa, ₦58,000 ni wọ́n ń pè é báyìí. Tí ẹ bá rí i, ẹ yà fún un.