Sherpa (2015): ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó yin ẹni tó gun Everest

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn dọkumẹ́ńtárì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá Sherpa tí Jennifer Peedom ṣe wò. Phurba Tashi ni wọ́n fẹ́ máa tẹ̀ lé ká, ọmọ ẹ̀yà Sherpa ní Nepal tó ti gun Everest, òkè tó ga jù láyé, nígbà 21, tó tún fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá nìkan gba rẹ́kọ́ọ̀dù. Àfi bí yìnyín ńlá ṣe já látòkè lọ́jọ́ 18 oṣù kẹrin 2014, ó bo àwọn tó ń ru ẹrù gba Khumbu Icefall, ibi tí yìnyín ńláńlá kún lọ́nà Everest, mọ́lẹ̀, èèyàn 16 kú.

Àgọ́, oúnjẹ, okùn, sìlíńdà ọ́síjìn, àwọn Sherpa ló ń rù ú, òru ni wọ́n sì ń rù ú kọjá níbẹ̀ torí tóòrùn bá ti mú, yìnyín yẹn lè wó nígbàkigbà. Oníbàárà, ìyẹn ẹni tó sanwó kó lè gun òkè náà, á gba ibẹ̀ níwọ̀nba, àwọn Sherpa á máa lọ máa bọ̀ ṣáá. Lẹ́yìn ikú yẹn ìjọba Nepal ní rupee 40,000, bíi $400, lòun máa fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, inú bí àwọn Sherpa, wọ́n ní àwọn ò gùn mọ́ lọ́dún yẹn. Oníbàárà kan wá ń béèrè bóyá wọn ò lè bá ẹni tó ni wọ́n sọ̀rọ̀! Ẹni tó ni wọ́n o, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹrú. Ńṣe ni mo dá fíìmù dúró ná, inú ń bí mi gan-an.

Wọ́n dé ilé Phurba ní Khumjung náà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá ẹ àti ìyàwó ẹ ò fẹ́ kó lọ mọ́ rárá. Ẹni mímọ́ ni òkè yẹn lójú wọn, Chomolungma ni wọ́n ń pè é, wọ́n á ṣètùtù kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹni tó bá mọ Òkè'Bàdàn ò ní bi mí pé kí ló dé. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń mówó wọlé bíi tòkè yẹn ò pọ̀ lágbègbè wọn, ọmọ sì gbọ́dọ̀ lọ iléèwé.

Ó wù mí kí wọ́n jẹ́ káwọn obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yìnyín tó ń yọ́ lórí àwọn òkè yẹn náà, wọn ò fẹ́ẹ̀ kàn án. Mo fún un ní 4 nínú 5. Tọ́mọdé bá wà nílé ẹ kọ́kọ́ dá wò ó, wọ́n fi hẹlikópítà tó ń fi okùn gbé òkú sọ̀ kalẹ̀ hàn.