Eré Àjàyí lórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń ṣe ní Láàgéré, Ifẹ̀: ohun tí mo rí àti ibi tó kù sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá eré Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú tó wá di bíṣọ́ọ̀bù, tí ẹgbẹ́ òṣèré kan ń ṣe ní Láàgéré yìí tó owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó tó o, ó tún lé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni fún àgbà, ọmọ iléèwé máa san ìdajì, tẹ́ ẹ bá sì lọ́mọ tó fẹ́ràn ìtàn nílé, ẹ tètè mú un lọ.

Ẹ ò ní kàn wọlé kẹ́ ẹ jókòó. Wọ́n ti fi pákó kan ilẹ̀ ọkọ̀ sáàárín gbọ̀ngàn, wọ́n ta ìgbòkun sókè, okùn wà káàkiri, àwọn òṣèré sì ti wà lórí ẹ̀ nínú aṣọ nefí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ológun ojú omi, ti ìgbà yẹn, ẹ máa rìn láàárín wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fa okùn, ẹ máa gbé ọta àgbá wò bóyá apá yín gbé e, ẹ máa bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á sì dá yín lóhùn bí ẹni tó wà lọ́dún 1822 gan-an. Irú ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lórí HMS Warrior, ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan ní Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi táwọn èèyàn ti máa ń wọ aṣọ ayé àtijọ́ gba àlejò. Mi ò mọ̀ pé a lè rí i n'Ífẹ̀ níbí.

Mo sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo ní ọ̀gá, kí lẹ wá ṣe lórí omi wa gan-an? Ó ní òfin ọdún 1807 ló ní káwọn ọmọ ìlú òun má ṣòwò ẹrú mọ́, pé látọdún 1808 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ogun ṣọ́ etíkun yìí. Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí ẹ̀ sí. Ló bá rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ní owó náà sì wà ńbẹ̀, ìjọba ń san pọ́n-ùn 60 lórí ọkùnrin kan tá a bá gbà sílẹ̀, 30 lórí obìnrin, 10 lórí ọmọdé. Ó dùn mọ́ mi pé wọn ò fi ìyẹn pamọ́ fún wa.

Eré fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ falẹ̀ díẹ̀, ogun wọ Òṣoògùn lọ́dún 1821, wọ́n kó Àjàyí, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà títí tó fi dé Èkó, ẹ ti mọ ìyẹn. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí, ará Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n, fọwọ́ kàn mí, wọ́n ní "ọmọ mi, irú ogun yẹn náà ló lé àwọn baba wa débí o." Mi ò lè fèsì.

Àmọ́ ìgbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ẹrú Potogí yẹn, Esperança Felix, tí HMS Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti Kápútẹ̀nì Henry Leeke sì gbá wọn mú, ibẹ̀ leré wà. Wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ gòkè Myrmidon. Láìtì kékeré kan péré ni wọ́n tàn. Ẹran kan wà tí wọ́n so rọ̀, awọ ẹ̀ funfun, ọta àgbá sì wà nílẹ̀, róbótóróbótó. Àwọn ọmọ yẹn ò mira. Wọ́n gbà pé ara ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n gé so kọ́ yẹn, pé orí èèyàn ló wà nílẹ̀ yẹn. Ọ̀kan wá rọra sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ẹran náà, ó rí pátákò tó là sí méjì, ló bá kígbe "Ẹlẹ́dẹ̀ ni! Ẹlẹ́dẹ̀ ni!" Èkejì fọwọ́ kan ọta, ó ní irin ni. Gbogbo wa la mí kanlẹ̀. Wọn ò sì hùmọ̀ ẹ̀ o, Àjàyí fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó fi sọ ìtàn ara ẹ̀ lọ́dún 1837. Ọmọ tó ṣe Àjàyí sọ Yorùbá Ọ̀yọ́ tó dán mọ́rán, kò fi ti Èkó lú u rárá.

Ibi tó dùn mí wá ni ìparí. Àjàyí rí ìyá ẹ̀ Àfàlá l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1846, a sunkún, ó dáa. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fò tààrà sí Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1864, wọ́n ń fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Leeke tó ti di arúgbó jókòó ńbẹ̀ ń wò ó, àtẹ́wọ́, ó tán. Ọdún 1851 dà? Nefí yìí kan náà ló yìnbọn àgbá lu Èkó ní Disẹ́ńbà ọdún yẹn, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè, ọdún 1861 wọ́n gba ìlú náà pátápátá. Àjàyí fúnra ẹ̀ wà ní London ní 1851, ó bá Ọbabìnrin Fikitóríà sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú Èkó. Irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́ lèèyàn ń fò! Ẹni tó lè sọ ti pọ́n-ùn 60 fún mi kò gbọdọ̀ bẹ̀rù àtisọ pé àgbá tí mo fọwọ́ kàn lórí ọkọ̀ yẹn, irú ẹ̀ ló wó ilé àwọn èèyàn l'Ékòó. Mo sọ ọ́ fún olùdarí wọn lẹ́yìn eré, ó gbọ́ mi dáadáa, ó ní àwọn ti kọ apá yẹn tẹ́lẹ̀, àkókò ni ò gbà á. Kí wọ́n gé ìbẹ̀rẹ̀ kúrú o jàre, kí wọ́n fi í sí i.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè pẹ́ lórí ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó sápá òsì torí jẹnẹrétọ̀ wà lápá ọ̀tún, kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn àwọn ọmọ yẹn dáadáa.