Google Slides fún iṣẹ́ àjọṣe: líǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́

Ẹni tó bá ti bá èèyàn mẹ́ta ṣe síláìdì pọ̀ lórí WhatsApp rí mọ ibi tó máa ń já sí: "final", "final 2", "final tòótọ́". Tó bá dọjọ́ ìpàdé, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n fẹ́ gbé sójú ògiri. Google Slides, ohun èlò orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ṣíṣe síláìdì tí Google gbé jáde lọ́dún 2007, mú wàhálà yìí kúrò. Fáìlì kan ṣoṣo ni, gbogbo yín lẹ jọ wà nínú rẹ̀, ó sì ń pa iṣẹ́ mọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá ní àkáǹtì Google, àmọ́ ààyè 15 GB tí wọ́n fún yín ni Gmail, Drive àti Photos jọ ń pín. Fún kíkọ síláìdì pọ̀, mi ò tíì rí èyí tó rọrùn tó o. Ohun tó sì máa ń dójú ti èèyàn níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ síláìdì fúnra rẹ̀. Líǹkì ni.

Ẹ tẹ Share lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ó rí ọ̀nà méjì, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni kí ẹ kọ ímeèlì ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yan agbára tó máa ní. Viewer á wò lásán. Commenter á wò, á sì lè sọ tẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Editor lè yí ohun gbogbo padà, títí kan pé kó pa síláìdì rẹ́. Ọ̀nà kejì ni General access tó wà nísàlẹ̀. Restricted ń jẹ́ kí kìkì àwọn tí ẹ kọ orúkọ wọn wọlé. Anyone with the link ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá bọ́ sí lọ́wọ́. Bí wàhálà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rèé: àwọn èèyàn á máa ráhùn pé àwọn ò lè wọlé, ẹnì kan á bá ṣí i sí Anyone with the link, á tún fi í sí Editor, á wá jù ú sínú gúrúùpù WhatsApp ìjọ tàbí ti kíláàsì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, líǹkì ti dé ìlú míì. Ẹni tí kò wọ àkáǹtì Google rẹ̀ máa ń fara hàn pẹ̀lú orúkọ ẹranko. Tí ẹ bá rí Anonymous Capybara tó ń wọ́ àpótí ọ̀rọ̀ yín kiri, ẹ ò lè mọ ọmọ ta ni.

Ètò tó dára jù lójú mi ni pé kí àwọn tó ń kọ ọ́ jẹ́ Editor pẹ̀lú ímeèlì wọn, kí líǹkì tó ń lọ síta jẹ́ Viewer. Àmì jíà kan, tó dà bíi wíìlì eléyín, wà nínú àpótí Share tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú èyí tó ń fún Editor láyè láti pe ẹlòmíì wọlé. Èyí tó ń dí Viewer lọ́wọ́ láti ṣe dáńlóòdù kò lágbára bó ṣe ń dún, torí ẹni tójú rẹ̀ rí síláìdì lè ya fọ́tò rẹ̀.

Ìparí líǹkì náà wúlò ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ pa /edit àti gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e rẹ́, kí ẹ fi /copy rọ́pò rẹ̀: ẹni tó bá ṣí i á ní ẹ̀dà tirẹ̀. Olùkọ́ tó fẹ́ pín àwòṣe (template) fún ogójì akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí wọn kí wọ́n máa kọ̀wé lé ara wọn lórí mọ́. /present máa ń ṣí síláìdì tó kún ojú kọ̀ǹpútà, /export/pdf sì máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bíi PDF.

Speaker notes ńkọ́, àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sísàlẹ̀ láti fi rán ara yín létí? Viewer náà ń rí i. Tí ẹ bá kọ "ẹ má jẹ́ kí wọ́n béèrè iye owó" síbẹ̀, wọ́n á kà á. Ẹ lọ sí File, Make a copy, Entire presentation, ẹ mú Remove speaker notes, ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ pín. Fídíò tó wá láti Drive ní àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Pé ẹ pín síláìdì kò túmọ̀ sí pé fídíò inú rẹ̀ á ṣí fún wọn. Ẹ pín òun náà.

Nínú iṣẹ́ gan-an, èèyàn tó tó 100 ló lè jọ máa ṣàtúnṣe fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ méjì nínú àpótí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó láti da gbólóhùn rú. Ẹ pín síláìdì láàárín ara yín, kí ẹnì kan ṣoṣo sì di Theme builder mú, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bí síláìdì ṣe máa rí, torí ohun tí ẹ bá yí níbẹ̀ máa kan gbogbo síláìdì. Ctrl+Alt+M ló ń ṣí kọ́mẹ́ǹtì. Ẹ kọ @ àti ímeèlì ẹnì kan sínú rẹ̀, ẹ lè fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ ní tààrà. Àléébù tó dùn mí jù ni pé kò ní ipò àbá (Suggesting) bíi ti Google Docs. Ẹni tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe yóò yí i padà pátápátá ni, tàbí kó kàn sọ ọ́ sínú kọ́mẹ́ǹtì.

Ctrl+Z kì í yí iṣẹ́ ẹlòmíì padà, tiyín nìkan ni. Tí ẹnì kan bá ba nǹkan jẹ́, ẹ lọ sí File, Version history. Ẹ ṣọ́ra o: Restore máa ń dá gbogbo síláìdì padà sẹ́yìn, kì í dá ọ̀kan padà. Tó bá jẹ́ síláìdì kan ṣoṣo ló bàjẹ́, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ yẹn, ẹ ṣe Make a copy, kí ẹ padà sínú fáìlì yín, kí ẹ fi Import slides mú ọ̀kan yẹn wọlé.

Google Slides gba fáìlì PowerPoint, títí dé 100 MB tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di Slides. Fọ́ǹtì tí kò ní ni á fi òmíràn rọ́pò, ìlà ọ̀rọ̀ á sì yẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì yìí kan àwa tí à ń kọ Yorùbá gan-an. Ẹ̀dá lẹ́tà kan ṣoṣo kò sí nínú kọ̀ǹpútà fún ẹ́ tàbí ọ̀; ẹ àti ọ dá dúró, àmì ohùn ni wọ́n gbé lé e lórí. Fọ́ǹtì ológe tí kò mọ ibi tó yẹ kí àmì jókòó sí á gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Noto Sans kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni mo máa ń dábàá.

Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ti tan Google Docs Offline, àfikún tó ń jẹ́ kí fáìlì ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ nínú Chrome tàbí Edge nígbà tí dátà ṣì wà, kí ẹ sì tẹ Make available offline nínú File. Fídíò YouTube kò ní ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé PDF sí fláàṣì náà.

Lẹ́yìn ìpàdé, ẹ dá General access padà sí Restricted, líǹkì àtijọ́ á kú. Àmọ́ bí ẹ bá ti lo Publish to web rí, èyí tó ń gbé síláìdì síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn mìíràn nìyẹn, Restricted kì í tì í. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ tẹ Stop publishing.