Káàdì GTX 1650 nínú Dell ògbólógbòó: ohun tójú mi rí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi. Dell OptiPlex 9020 ni, irú èyí tó dúró gàgàrà, kì í ṣe pẹlẹbẹ. Mo rà á ní Under G lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan tó ti ṣe tán, tó ń ta ẹrù rẹ̀ kó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Core i5-4570 tí Intel gbé jáde ní 2013 ni ọpọlọ rẹ̀, RAM 8GB, kò sì ní káàdì àwòrán kankan (ẹ̀yà tó ń ya ohun tí skrín ń fi hàn) lẹ́yìn Intel HD 4600 tó wà lára ọpọlọ rẹ̀ láti ilé. Lọ́sàn-án, fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mo fi ń ṣe. Tí ilẹ̀ bá ṣú, géèmù GTA V ni.

HD 4600 máa ń gbé GTA o, àmọ́ bí ìgbà tí ọmọdé bá ru odó ni. Mo ti fa gbogbo ètò àwòrán rẹ̀ wá sílẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ bí àwòrán 25 ló ń rí gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo bá fi mọ́tò yà ní ìkóríta, ìgbà tí mo bá ti kọlu òpó tán ni skrín tó máa fi òpó hàn mí.

Kí n tó dé orí GTX 1650 tí mò ń lò báyìí, owó kan ti kọ́kọ́ wọmi. Skrín mi ti pẹ́, VGA, ihò wáyà àwòrán ayé àtijọ́, nìkan ló mọ̀. Nígbà tí mo ń wá káàdì kiri, mo rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta GTX 1050 Ti 4GB ní ₦48,000. Owó náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n sanwó kíá ni ihò VGA tí mo rí lẹ́yìn káàdì náà nínú fọ́tò. Mo ní Ọlọ́run ti bá mi ṣe é, ọ̀rọ̀ skrín tuntun ti kúrò ńlẹ̀. Wọ́n fi í rán dírẹ́bà, mo lọ gbà á ní gáréèjì, mo fi sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Windows pè é ní 1050 Ti. Inú mi dùn débi pé mo pe àbúrò mi kó wá wò ó. GTA bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, skrín ṣú, kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀, ó tún tan ara rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń dá dráífà, ìyẹn púrógúráàmù tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, lẹ́bi. Àbúrò mi ló sọ pé, "Bọ̀dá mi, ẹ fi GPU-Z wò ó ná." Púrógúráàmù kékeré kan ni, ọ̀fẹ́ ni, láti 2018 ló sì ti ń tú àṣírí ayédèrú káàdì. Bí mo ṣe ṣí i, ó kọ [FAKE] gàdàgbà sí iwájú orúkọ káàdì mi. GF116 ni ṣíìpù inú rẹ̀, ìyẹn èyí tó wà nínú GTX 550 Ti ti 2011. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 1GB lọ. Ẹnì kan ló ti yí BIOS rẹ̀, ìyẹn púrógúráàmù inú káàdì fúnra rẹ̀, padà kó lè máa parọ́ orúkọ fún Windows: wọ́n gbé ẹ̀wù ọmọ wọ bàbá àgbà. VGA tó fà mí mọ́ra yẹn gan-an ló sì yẹ kó lé mi sá, torí láti ìdílé 1050 àti 1080 tó jáde ní 2016 ni Nvidia, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù wọn, ti yọ VGA kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí 1050 Ti tó ní ihò VGA, ẹ yáa fura. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé fóònù mi mọ́. Káàdì náà wà lórí tábìlì, òun ni mo fi ń tẹ rìsíìtì mọ́lẹ̀ kí fáànù má bàa gbé wọn lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbé àpótí náà lọ bá ẹ̀ńjíníà kan ní Sábó. RX 580, káàdì míì tó lágbára, ló wà lọ́kàn mi nígbà náà. Ó pọ̀ lọ́jà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi wa Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà wa bí ẹni ń wa kùsà. Nígbà tí Ethereum sì pa irú wíwà bẹ́ẹ̀ tì ní oṣù kẹsàn-án 2022, àwọn tó ni wọ́n dà wọ́n sọ́jà tòkunbọ̀. Ẹ̀ńjíníà kò bá mi jiyàn. Ó tú àpótí, ó fọwọ́ nu eruku lára páwà sọ́púláì, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. 290W.

"Ẹ̀gbọ́n, RX 580 á máa jẹ 185W tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá bá mi wá wáyà tí ẹ máa fi bọ́ ọ."

Mo wá a, n kò rí i. Káàdì tó bá ń jẹ iná púpọ̀ ní láti gba tirẹ̀ tààrà lọ́wọ́ páwà sọ́púláì, láti ara wáyà ẹlẹ́nu mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Tèmi kò ní ìkankan. Ihò PCIe tí káàdì ń jókòó sí nìkan ló kù, 75W ni òpin ohun tí ihò yẹn sì lè fún un. Mo béèrè pé ṣé a ò lè pààrọ̀ páwà sọ́púláì ni. Ó fi ẹnu wáyà hàn mí: ẹlẹ́nu mẹ́jọ ló wọ bọ́ọ̀dù tèmi, ẹlẹ́nu 24 ni ti ọjà. Wáyà tó ń so méjèèjì pọ̀ wà, àmọ́ owó ń gorí owó nìyẹn.

Bó ṣe di pé káàdì tí kò ju 75W nìkan ni mo lè rà nìyẹn, wọn kò sì pọ̀. GT 1030 kò ju 30W lọ, ṣùgbọ́n kò lágbára tó ohun tí mò ń wá. RX 6400 ń jẹ 53W, ó wù mí títí mo fi mọ nǹkan méjì nípa rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin péré ló fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, bí ihò bọ́ọ̀dù bá sì jẹ́ PCIe 3.0, irú ti àtijọ́ bíi tèmi, ó máa ń fà sẹ́yìn. Èkejì ló burú jù fún mi: kò ní encoder, ẹ̀yà tó ń bá ni di fídíò pọ̀ kíákíá, rárá, bẹ́ẹ̀ fídíò ni mo fi ń jẹun. Ó wá ku 1050 Ti gidi àti 1650. 75W ni àwọn méjèèjì, 768 ni core (ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣíìpù) ti àkọ́kọ́, 896 ni ti èkejì, ₦25,000 ló sì wà láàárín iye wọn. Mo fi í kún un. Nígbà tí Nvidia dá dráífà géèmù tuntun dúró fún ìdílé 1050 Ti ní oṣù kẹwàá 2025, mo rí i pé owó yẹn kò ṣòfò, torí 1650 tó jáde ní 2019 ṣì ń rí tirẹ̀ gbà.

Ìlọrin ni mo ti rà á, tòkunbọ̀, ₦118,000. Lọ́tẹ̀ yìí, GPU-Z wà nínú flash lápò mi. Mo ní kí ọ̀gá onísọ́ọ̀bù fi káàdì sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kí n tó yọ owó. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le, àmọ́ ó ṣe é. TU117 tó jẹ́ ṣíìpù 1650 gidi, 4GB, kò sí [FAKE]. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ káàdì dáadáa o, torí àwọn 1650 kan wà tí wọ́n ṣe ihò ẹlẹ́nu mẹ́fà sí lára. Irú àpótí tèmi yìí kò lè gbé irú ìyẹn.

Fífi í sí i kò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo fi púrógúráàmù kan tó ń jẹ́ DDU nu dráífà àtijọ́ kúrò, mo ki káàdì bọ ihò, ó parí. Skrín ló fún mi níṣẹ́. Mo ra ẹnu tó ń so DVI, ihò àwòrán ẹ̀yìn káàdì, mọ́ VGA, ₦1,500, kò wọlé. Màmá mi tó ń wò mí ní kí n fi agbára sí i díẹ̀. Mo dúpẹ́ pé n kò gbọ́. DVI-D ni ti káàdì yìí, ihò kéékèèké mẹ́rin tí àwòrán VGA máa ń gbà kọjá kò sí lára rẹ̀. Èyí tó ń yí HDMI padà sí VGA, tó ní ṣíìpù tirẹ̀ nínú, ló ṣiṣẹ́. ₦5,000 ni.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án báyìí. Lórí skrín mi tó jẹ́ 1600×900, GTA V ń gbé 70 sí 85 jáde, òjò ń dán lórí títì, mo sì ń rí òpó kí n tó kọlù ú. FIFA 23 kì í kúrò lórí 60. Fídíò ìgbéyàwó tó máa ń gba wákàtí kan àtààbọ̀ kó tó jáde, bí ogún ìṣẹ́jú ni báyìí.

Ṣùgbọ́n bí mo bá sáré wọ àárín ìlú nínú GTA, ó ń já wálẹ̀ sí 48. Mo fi MSI Afterburner, púrógúráàmù tó ń fi bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, wò ó: i5 ti dé 100%, káàdì ṣì wà ní 60%, ó ń dúró de ẹni tó máa gbé iṣẹ́ fún un. Mo ra RAM DDR3 8GB mìíràn kí ó lè di méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ìyẹn sì dín bó ṣe ń dá dúró lójijì kù ju bí mo ṣe lérò lọ. Nínú géèmù tuntun, mẹ́mọ́rì 4GB ń tètè kún. DLSS, ọgbọ́n Nvidia tó ń ya àwòrán kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́ kí géèmù lè yá, kò sí fún un. FSR tó jọ ọ́ ni mo ń lò níbi tó bá wà, ojú àwòrán á ṣú díẹ̀, àmọ́ géèmù á rìn.

Ti iná ńkọ́? Bátìrì ínfátà mi tó máa ń gbé kọ̀ǹpútà fún wákàtí mẹ́ta, kò pé méjì mọ́ bí mo bá ń ta géèmù, nítorí náà mo máa ń dúró de NEPA. Ní oṣù kẹta tí ooru mú, káàdì dé 79°C. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 71, ni ọmọńlé bá wọlé lọ sùn sórí bọ́ọ̀dù. Mo ti pa á dé. Ní ìgbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń fẹ́ eruku fáànù rẹ̀.

Mo padà sí Sábó lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí i5 yẹn. Ẹ̀ńjíníà ní i7-4770 wọ bọ́ọ̀dù kan náà, òun sì ní tòkunbọ̀ rẹ̀ kan nílẹ̀. Mo ní kó bá mi fi pamọ́ di ìparí oṣù.