Àkójọ Blu-ray Star Wars: ti 1980 nìkan tó owó ẹ̀
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa wo bí akọni ṣe ń gba agbára, ẹ wá The Complete Saga tó jáde ní 2011 yẹn, fíìmù 6 ló wà nínú ẹ̀, díìsìkì 9. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Episode I o, ti 1977 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, níbi tí àgbà jagunjagun Obi-Wan ti ń ṣàlàyé fún Luke, ọ̀dọ́kùnrin akọni ibẹ̀, pé gbogbo ohun abẹ̀mí ló ń mú Force, agbára àìrí yẹn, wá, ó yí wa ká, òun ló so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Tó bá wá di ti 1980, hàà! Luke ń sáré nínú irà pílánẹ́ẹ̀tì Dagobah, ó pọn Yoda olùkọ́ ẹ̀ sẹ́yìn, ó ń gbé òkúta láì fọwọ́ kàn án, àmọ́ ọkọ̀ ẹ̀ tó rì sómi kò ṣeé gbé torí kò gbà pé ó ṣeé ṣe, Yoda kékeré yẹn ló wá gbé e jáde, ọkàn mi gbé sókè! Ti 1999, ìyẹn Episode I, ló dùn mí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kan tó ń jẹ́ Anakin wò, wọ́n ní midi-chlorian ẹ̀, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú ara tí wọ́n fi ń mọ bí Force ṣe lágbára tó lára ẹni, ju 20,000 lọ, ó ju ti Yoda lọ pàápàá. Ṣé tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ lásán ló kù? Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, iṣẹ́ tí Luke ṣe yẹn ló wù mí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ Blu-ray kó rà á.