Lọ́yà ọ̀fẹ́ tó gba ẹjọ́ àbúrò mi rò ní Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọrọ ààbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ lọ́yà ọ̀fẹ́ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló gba ẹjọ́ àbúrò mi obìnrin. Ìjọba ló ń san owó wọn, kọ́bọ̀ ò jáde lápò wa. Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèpinnu lórí ọ̀rọ̀ ààbò, ti kọ̀wé pé àwọn ò gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 14 péré lòfin sì fún un láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí àwọn lọ́yà náà ṣe fara balẹ̀. Wọ́n wá ògbufọ̀ tó gbọ́ Yorùbá dénú, wọ́n ka gbogbo àlàyé rẹ̀ fún un padà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ní “lẹ́yìn Iléyá” ni wọ́n lé òun nílé, lọ́yà ṣí kàlẹ́ńdà ọdún yẹn, ó wá ọjọ́ náà jáde, torí ọjọ́ tí kò bára mu lè ba ẹjọ́ jẹ́. Bí ẹkún bá gbà á, wọ́n á dúró dè é. Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ wọn.

Fóònù wọn ṣòroó bá o! Ẹ kúkú lọ fúnra yín láàárọ̀, kẹ́ ẹ mú káàdì ARC (káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún ẹni tó ń tọrọ ààbò) àti ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún yín dání.