Smart lock tí mo ń fi ohùn tì: ibi tó ti dára, àti ibi tí mo ti dá a dúró

Bó bá jẹ́ torí kí ẹ lè dúró níta, kí ẹ ní kó ṣí, kó sì ṣí ni ẹ ṣe fẹ́ ra smart lock, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tó ń lo bátìrì tí a lè fi fóònù tàbí ohùn darí, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: ṣíṣí gan-an ni ohùn kò wúlò fún tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ fi ohùn ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì lè bi í bóyá ó tì, iṣẹ́ tí mo fi ń dúpẹ́ pé a rà á nìyẹn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ìyá mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu ń lò ó, àwọn ọmọ ń lò ó, èmi náà ń lò ó lójoojúmọ́.

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ohùn rárá, ẹ lọ yẹ ilẹ̀kùn yín wò. Tiwa ní pátákó nọ́ḿbà àti ojú kọ́kọ́rọ́ níta. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú ilé, àpótí kékeré kan ló wà níbẹ̀ tí bátìrì AA mẹ́rin ń bẹ nínú rẹ̀. Àwọn bátìrì yìí ló ń fún mọ́tò kékeré kan lágbára, mọ́tò náà ló sì ń ti irin jáde wọ inú férémù. Kò lágbára tó ọwọ́ èèyàn. Nítorí náà, ẹ pa ilẹ̀kùn yín dé, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń lò báyìí tì í. Tí ẹ bá ní láti fi èjìká tì í, tàbí kí ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí, ibẹ̀ náà ni smart lock máa há sí. Á gbìyànjú, á dúró, á wá máa ké pé nǹkan ń dí òun lọ́nà. Igi tún máa ń wú tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, èyí tó ń tì wọ́ọ́rọ́wọ́ lónìí lè máa há lóṣù mélòó kan sí i. Káfíńtà ló bá wa gbẹ́ ihò inú férémù kó fẹ̀, kó sì jìn sí i, kí a tó de ohunkóhun mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú áàpù, igi ni kò jẹ́ kí irin wọn wọlé.

Ohun tó tún yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ni ọ̀nà tó ń gbà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ni àṣẹ ẹnu yín máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó jẹ́ Bluetooth nìkan, fóònù tó bá wà nítòsí ló ń gbọ́, àfi tí ẹ bá ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní bridge, tí ẹ ó kì bọ ojú iná nínú ilé. Èyí tó ní Wi-Fi nínú ara rẹ̀ kò nílò bridge, àmọ́ ó ń jẹ bátìrì gan-an, ìgbì Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lò. Tó bá jẹ́ 5 GHz nìkan ni ráútà yín ń gbé síta, wọn ò ní rí ara wọn. Zigbee àti Z-Wave, ọ̀nà aláìlówáyà míì tí ẹ̀rọ ilé fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ń fẹ́ hub tiwọn, ìyẹn ẹ̀rọ àárín tó ń so wọ́n pọ̀. Matter, ìlànà tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ oríṣiríṣi lè bára wọn ṣiṣẹ́, ló dé kẹ́yìn. Amazon, Apple àti Google wà lára àwọn tó jọ gbé ìlànà yìí kalẹ̀, ó jáde ní 2022, ó sì ti ń gba kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn láti ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́. Tí mo bá tún máa ra òmíràn, èyí tó ń lo Matter lórí Thread, ọ̀nà aláìlówáyà míì, ni màá rà: kì í jẹ bátìrì bíi ti Wi-Fi, ẹ sì lè fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo bá Alexa, Google Home àti Apple Home lò, àwọn ètò tí Amazon, Google àti Apple ṣe láti fi darí ẹ̀rọ inú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń so Thread mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, irú bíi HomePod mini ti Apple tàbí Nest Hub ẹ̀dà kejì ti Google. Bridge ni tiwa ń lò, kò sì tíì fún wa ní wàhálà.

Sísopọ̀ wọn kò le. Áàpù iléeṣẹ́ tó ṣe kọ́kọ́rọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ fi sórí fóònù. Ẹ jẹ́ kó gba update rẹ̀, kí ẹ fi fóònù tì í, kí ẹ fi ṣí i, títí á fi dá yín lójú. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ inú áàpù Alexa tàbí Google Home, kí ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ náà, kí ẹ fi àkáǹtì kan náà wọlé, kí ẹ sì ní kó wá ẹ̀rọ tuntun. Ti Apple, kámẹ́rà fóònù ni ẹ fi máa wo kóòdù tó bá kọ́kọ́rọ́ náà wá. Ẹ má fi àkáǹtì méjèèjì, ti kọ́kọ́rọ́ àti ti Alexa tàbí Google tàbí Apple, sílẹ̀ pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù nìkan o. Ẹ jẹ́ kó máa béèrè ẹ̀rí kejì lórí fóònù kó tó gba ẹnikẹ́ni wọlé. Ẹni tó bá rí pásíwọ́ọ̀dù yín jí ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín lọ́wọ́, ibi yòówù kó wà.

Orúkọ tí ẹ bá sọ kọ́kọ́rọ́ náà ṣe pàtàkì. Alexa, Siri (ti Apple) àti Google Assistant, àwọn tó ń gbọ́ àṣẹ ohùn wa, kò tíì máa gba àṣẹ lédè Yorùbá, nítorí náà orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó kúrú, tí gbogbo ará ilé lè pè dáadáa, ni kó jẹ́. "Front door" la pe tiwa. Ẹ má sọ kámẹ́rà tàbí iná ẹnu ọ̀nà ní orúkọ tó jọ ọ́, kí sípíkà tó ń gbọ́ àṣẹ yín nínú ilé má baà máa béèrè èwo lẹ ń wí lọ́wọ́ yín.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ṣíṣí. Nínú Alexa, títì nìkan ni ẹ ó bá ní títàn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ tan ṣíṣí nínú áàpù, ẹ ó sì yan PIN tí ẹ máa fi ẹnu sọ nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ kó ṣí. Google náà ń béèrè PIN. Ti Siri, ó máa ń fẹ́ kí fóònù yín wà ní ṣíṣí kó tó gbà. Ìlànà tó dára ni, torí ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn yín kò ṣe yín níbi, ẹni tó bá ṣí i ni ẹ̀rù wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ rò ó wò: PIN tí a ń pariwo ní pálọ̀, ta ni kò ní gbọ́ ọ? Àlejò gbọ́, ọmọ gbọ́, ọmọ á sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohùn yín tún lè wà ní ìpamọ́ nínú àkáǹtì yín títí ẹ ó fi lọ pa á rẹ́. Mo tan án wò, mo rí bó ṣe ń ṣe, mo sì pa á. Títì àti ìbéèrè nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún ohùn.

Ìwádìí wà tó tì mí lẹ́yìn. Lọ́dún 2017, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Zhejiang ní Ṣáínà fi ohùn tó ga ju 20 kHz, tí etí èèyàn kò lè gbọ́, pàṣẹ fún àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àṣẹ ohùn. Ní 2019, àwọn ti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Electro-Communications ní Japan lo iná laser: wọ́n tàn án sí máíkì láti ibi tó jìn tó mítà 110, máíkì sì gbà á bí ẹni pé èèyàn ló ń sọ̀rọ̀. Mi ò sọ pé olè máa gbé laser wá sílé yín. Ẹni tó bá kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣí, tó gbóhùn sókè, ti tó láti dẹ́rù bà mí. Ẹ gbé sípíkà kúrò lẹ́bàá fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ gbé e síbi tí wọn ò ti lè rí i láti ìta. Kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ má sì gbára lé pé ẹ̀rọ dá ohùn yín mọ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá jọ tiyín lè tàn án jẹ.

Ibi tí inú mi ti dùn jù sí nǹkan yìí ni yàrá ìyá mi. Wọn kì í lè sùn tí kò bá dá wọn lójú pé ilẹ̀kùn tì. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á fi ògiri gbéra títí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á padà. Bí wọ́n bá tún tají lóru, wọ́n á tún lọ. Mo kọ́ wọn ní gbólóhùn méjì péré, èyí tó ń ti ilẹ̀kùn àti èyí tó ń béèrè bóyá ó tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, sípíkà máa ń da méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

"Ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, Mà. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ kí ẹ tó tún un sọ."

"Ṣé ó ti tì í báyìí?"

"Ó ti tì í, Mà. Ẹ gbọ́ ohun tó wí."

Báyìí wọ́n ń ṣe é lórí ibùsùn láìpe ẹnikẹ́ni. Mo tún ṣe àṣẹ kan sínú áàpù: tí ẹnikẹ́ni bá ti kí ẹ̀rọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ó dàárọ̀, á ti ilẹ̀kùn, á sì pa iná pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ní àgbà nílé, tàbí ẹni tí rírìn nira fún, ẹ má ro owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ibi tí kò ti dùn mọ́ mi nínú náà wà. Tó bá sọ pé ilẹ̀kùn tì, ohun tó mọ̀ ni pé irin ti jáde. Irin lè jáde kí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ìdajì. Ẹ ra èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì tó ń mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn pa dé. Mi ò lè gba ìyá mi níyànjú láti gbẹ́kẹ̀ lé ìdáhùn ẹ̀rọ tí kò ní in. Èkejì, tí kọ́kọ́rọ́ àti sípíkà bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ méjì bíi tiwa, àṣẹ yín máa lọ sórí kọ̀ǹpútà tiwọn níbi tó jìnnà kó tó padà sẹ́nu ọ̀nà yín. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ohùn ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n pátákó nọ́ḿbà àti kọ́kọ́rọ́ irin ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó sì ní ìgbà kan tí wọ́n fi update ránṣẹ́, ni ìsopọ̀ bá já. Sípíkà ń sọ pé òun ò rí ilẹ̀kùn. Èsì kan náà ni iléeṣẹ́ tó ṣe kọ́kọ́rọ́ náà ń fi ránṣẹ́ sí mi ṣáá, ìgbà tí mo yọ ọ́ kúrò tí mo tún un so ló tó dára. Ìyẹn bí mi nínú gan-an.

Bátìrì alkaline tuntun ni kí ẹ lò, àyàfi tí ìwé rẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Èyí tí a ń gba iná sí àti ti lithium kì í jẹ́ kó mọ iye agbára tó kù dáadáa. Á ní ó ṣì pọ̀, lójijì á tán. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ máa pààrọ̀ pọ̀. Àwọn kan ní ibi tí ẹ lè fi bátìrì 9V kàn níta, tàbí ihò USB-C, tí ti inú bá kú pátápátá. Mi ò ní ra èyí tí kò ní ojú kọ́kọ́rọ́ irin láéláé.

Fún àlejò, kóòdù orí pátákó nọ́ḿbà ló dára jù; tí wọ́n bá ti lọ, ẹ pa á rẹ́. Tí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn nígbà tí ìyá mi nìkan wà nílé, wọ́n á wo ojú ẹni náà nínú kámẹ́rà lórí tablet, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì láti ṣí i fún un. Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe tiwa ni pé kí àṣẹ ṣíṣí tí a bá fi ẹnu pa máa béèrè ìka èèyàn lórí fóònù dípò PIN tí a ń fi ẹnu sọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe ìyẹn ni màá tan ṣíṣí fún wọn.